Ọjọ́ Tí Mo Pàṣẹ fún Àgbà Lójú Òkun

Òórùn okùn tó ti mu omi yó, tó wá ń gbẹ lábẹ́ òrùn, ni mo fi ń rántí ìlú Hamburg. Kì í ṣe òórùn tó dùn. Ó jọ ti àpò gààrí tí òjò pa, tí wọ́n sáré sá sórí kọnkéré kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé pákó kékeré kan wà létí omi Alster, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ onígbòkun tí mo dara pọ̀ mọ́ ń kó okùn, ìgbòkun àti jákẹ́ẹ̀tì wọn sí. Tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, tí òórùn yẹn bá kí mi káàbọ̀, gbogbo ohun tí ojú mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ ní Berlin á fò lọ. Bóo bá rántí bí mo ṣe máa ń sọ fún ọ nígbà yẹn pé mi ò ráyè lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ ni mo máa ń sá lọ. Mi ò sọ fún ọ torí mo mọ̀ pé wàá fi mí rẹ́rìn-ín.

Ta ni kò sì ní rẹ́rìn-ín? Ọmọ Ìbàdàn ni mí, omi tó pọ̀ jù tí mo bá nílé wa ni èyí tó wà nínú dírọ́ọ̀mù. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ gbé yàrá kan nígbà tá a ń kàwé ní Hamburg ló kó mi wọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti tọ́jú ìyá àgbà kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lórúnkún. Ìyá yìí ló sọ fún un pé kó wá wo òun lórí omi tí ara òun bá yá. Ọ̀rẹ́ mi kò fẹ́ dá lọ, ó fi jọ̀lọ́ọ̀fù tàn mí wá láti Berlin, mo sì rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni. Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ omi ti sú ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo ṣì ń jí ní aago márùn-ún àárọ̀ Sátidé ní àdúgbò Gesundbrunnen ní Berlin kí n lè bá ọkọ̀ ojú irin.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ọ. Láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí, igbákejì ni mí. Ní ilé iṣẹ́ wa ní Reinickendorf ní Berlin, níbi tí a ti ń di ẹrù ránṣẹ́, mo ti ṣe igbákejì fún ọ̀gá mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, méjì nínú wọn ló sì jẹ́ pé èmi ni mo fi ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi ìpinnu, wọ́n á ní kí n lọ pe Chef, ìyẹn ọ̀gá. Ó ń dùn mí ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ. Mo fẹ́ ohun kan, ì báà jẹ́ ẹyọ kan péré, tó jẹ́ pé èmi ni màá wà nídìí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní bi mí pé ta ló rán mi. Ní ẹgbẹ́ wa, wọn kì í fi ọkọ̀ lé èèyàn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé awakọ̀ àgbà kan buwọ́ lùwé pé òun wà níbẹ̀, òun sì fojú ara òun rí i bí ẹni náà ṣe pàṣẹ fún àwọn inú ọkọ̀ títí tí ọkọ̀ fi wọ èbúté òkun láyọ̀. Ìbuwọ́lùwé yẹn ni mo ń wá. Mo ń wá a bí ẹni ń wá ọmọ.

Ìyá àgbà ọ̀hún náà ló wá ń kọ́ mi. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ sì lè la ìjì kọjá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ fún wa pé lórí omi kò sí Frau tó jẹ́ ìyáàfin, kò sí Sie tí wọ́n fi ń pe àgbà bí “ẹ” tiwa, pé orúkọ òun gan-an ni kí á máa pe òun, kí gbogbo wa sì jẹ́ du, ìyẹn “ìwọ”, síra wa. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Obìnrin tó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, kí n wá la ẹnu kí n pe orúkọ rẹ̀ gbàgà bí ẹni tá a jọ ṣeré òṣùpá? Mo dá ọgbọ́n sí i. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró síwájú rẹ̀ títí á fi rí mi. Odindi ọdún méjì, mi ò pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní òun á rin ìrìn àjò kan ṣoṣo sí i, lẹ́yìn náà òun á fi òkun sílẹ̀ fún àwọn tí eegun wọn ṣì le. Òun á háyà ọkọ̀ onígbòkun ní Gíríìsì fún ọ̀sẹ̀ kan, a ó máa ti erékùṣù kan bọ́ sí èkejì, àwa tá à ń wá ìbuwọ́lùwé á sì gbé ọkọ̀ wọ èbúté níṣojú òun. Àwa méjì ló kàn: èmi àti oníṣègùn eyín kan láti Schöneberg tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ti ra fìlà awakọ̀ kó tó mọ okùn ún ta. Ọ̀rẹ́ mi gbà láti bá wa lọ dáná. Mo gba Urlaub, ìsinmi ẹnu iṣẹ́, mo pe ìyá mi ní Ìbàdàn kí n sọ fún un. Ó bi mí pé ṣé gbogbo ilẹ̀ tó wà ní Yúróòpù ló ti tán ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó gbà pé òótọ́ ni mo wà níbẹ̀. A pa ẹ́ńjìnnì, a ta ìgbòkun, ariwo dáwọ́ dúró lójijì. Ohun tó kù kò ju omi tó ń ha ara ọkọ̀, okùn tó ń lu òpó, àti ìmí ara wa. Òkun ibẹ̀ kò jọ èyí tí mo ti rí ní Èkó, tó máa ń ru iyanrìn sókè. Aláwọ̀ aró ni, ó dúdú lábẹ́ wa bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró. Iyọ̀ gbẹ sí mi létè. Òórùn ewé kan tó jọ efinrin ń ti orí òkè wá pàdé wa kí a tó rí ilẹ̀ rárá. Mo rántí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó gba òkun yìí kan náà kọjá nínú ọkọ̀ rọ́bà wá sí Yúróòpù. Ọ̀rẹ́ mi ní tiẹ̀ ti di ike mú láti àárọ̀, ó ń bì, ó sì ń bú mi láàárín èébì kan sí èkejì. Lọ́jọ́ kẹta, ara rẹ̀ balẹ̀, ó wọ ilé ìdáná kékeré inú ọkọ̀, ó fi tòmátì ibẹ̀ àti ata se ọbẹ̀ kan tí omi ń dà lójú oníṣègùn eyín bó ṣe ń jẹ ẹ́, tí kò sì yéé bù sí i.

Ọjọ́ kẹrin ni mo ṣe ohun tó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá nìkan ló lè ṣe é. Oníṣègùn eyín ló wà nídìí ìtọ́kọ̀, ó ń fẹ̀yìn gbé ọkọ̀ wọ èbúté. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: wọ́n á ju ìdákọ̀ró sómi níwájú, ọkọ̀ á máa fẹ̀yìn rìn títí á fi sún mọ́ ògiri èbúté, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì na okùn sí ẹni tó bá dúró lórí ilẹ̀. Èmi ni mo wà lẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún mi di irin ọkọ̀ mú kí n má bàa ṣubú, okùn wà lọ́wọ́ òsì mi. Bàbá arúgbó kan tó ń tún àwọ̀n ẹja rẹ̀ ṣe dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Irun rẹ̀ funfun báláú. Ó yẹ kí n kàn na okùn sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ta ni yóò fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí ẹni tó lè bí i lọ́mọ? Ọwọ́ mi ò bi mí léèrè kó tó ṣe é. Mo fi irin sílẹ̀, mo gba okùn sí ọ̀tún, mo tiẹ̀ tún tẹ orúnkún mọ́ ọn. Ibi tí mo ti ń kúnlẹ̀ ni okùn ti bọ́ sómi.

Fáànù abẹ́ ọkọ̀ tó ń tì wá rìn gba okùn náà, ó wé e mọ́ra, ẹ́ńjìnnì kú. Atẹ́gùn sì ń gbé wa lọ sára ọkọ̀ olówó gọbọi kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ariwo ta ní oríṣiríṣi èdè. Ìyá àgbà tó ń kọ́ wa, ìyá wa lórí omi, sáré dé ẹ̀yìn pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ kejì sẹ́yìn, ó ju okùn mìíràn sí bàbá arúgbó ọ̀hún, ọwọ́ òsì ló sì fi jù ú. Bàbá náà gbà á, kò tiẹ̀ wo ọwọ́ tó ti wá. Oníṣègùn eyín ló wọ inú omi lọ fi ọ̀bẹ gé okùn kúrò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Ọlọ́run dá fún omi. Kò bínú rárá. Àìbínú rẹ̀ yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ìyá wa buwọ́ lùwé fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní ó wa ọkọ̀ dáadáa, pé ọ̀rọ̀ okùn kì í ṣe ẹ̀bi tiẹ̀.

Ó wá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi pààrọ̀ ọwọ́. Mo wá irọ́ tì. Mo ṣàlàyé fún un: ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì, ọ̀rọ̀ àgbà, bí ìyá mi ṣe máa ń gbá mi lọ́wọ́ ní kékeré tí mo bá fi òsì na nǹkan sí àlejò. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń kíyè sí mi láti ọdún méjì, pé okùn kọ́ ni ìṣòro. Ó ní nígbàkigbà tí mo bá wà nídìí ìtọ́kọ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Níbi tí oníṣègùn eyín á ti pariwo pé kí wọ́n ju ìdákọ̀ró, èmi á rọra fi Sie bẹ̀rẹ̀, màá ní tí kò bá ní ni yín lára, ṣé ẹ lè bá mi ju ìdákọ̀ró. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, atẹ́gùn á ti gbé ọkọ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà.

“O mọ ọkọ̀ wà ju òun lọ,” ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ibi tí oníṣègùn eyín ti ń nu ara. “Ṣùgbọ́n mi ò lè buwọ́ lùwé fún ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó pàṣẹ fún. Ẹnì kan á kú lọ́jọ́ kan. Erékùṣù kan ló kù, tìrẹ ni.”

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí a tó kúrò níbẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, à ń gé àlùbọ́sà, àlùbọ́sà náà sì bò mí láṣìírí torí ojú mi ti pọ́n tẹ́lẹ̀. Mo sọ fún un pé ó ti parí. Mo ní mi ò lè jù bí wọ́n ṣe tọ́ mi sínú omi nítorí ìwé kan. Kí n máa jágbe mọ́ ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kí n máa rán bàbá tó lé lọ́gọ́ta níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ṣé ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn? Ó gé àlùbọ́sà tiẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn.

“Wò ó, my dear. Tí bàbá àgbà bá wọ mọ́tò, ṣé dírẹ́bà á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó tẹ bíréèkì?”

Mo ní ìyẹn yàtọ̀.

“Kò yàtọ̀ rárá o. Ní Station wa ní ọsibítù, tí àgbàlagbà bá fẹ́ ṣubú, mi kì í sọ pé Entschuldigung, ẹ jọ̀ọ́, sà. Màá jágbe, màá sì gbá a mú. Tó bá ti jókòó tán, mo wá lè kí i dáadáa. Àbí ṣé kí n máa bọ̀wọ̀ fún un títí á fi forí sọlẹ̀ ni?”

Mo ń gé àlùbọ́sà lọ. A máa ń sọ ọ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́ sínú àròkọ, àmọ́ kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ó ní ibi tí ọmọdé ti gbọ́dọ̀ sọ ọgbọ́n tiẹ̀ jáde, kó sì tètè sọ ọ́. Mo bọ́jú, mo lọ wo máàpù.

Erékùṣù ìkẹyìn yẹn kéré débi pé tí wọ́n bá lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò sí ilé tí kò ní gbọ́. Àwọn ilé funfun bíi mélòó kan ló tò sí ara òkè, aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, òórùn ẹja tí wọ́n ń sun lórí èédú sì ti kàn wá lára láti ojú òkun. Èbúté rẹ̀ há. Àpáta wà lápá òsì, ọkọ̀ mẹ́ta ti so mọ́ ògiri, àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù láàárín wọn. A dé ibẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí atẹ́gùn ń le sí i. Ìyá wa ní kí n gba ìtọ́kọ̀. Oníṣègùn eyín lọ síwájú, sídìí ìdákọ̀ró. Ìyá wa àti ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́yìn, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú okùn kan dání, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìtọ́kọ̀ mú.

Mo yí ọkọ̀ padà, mo kẹ̀yìn rẹ̀ sí èbúté. “Ju ìdákọ̀ró,” mo ní. Ohùn mi tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kò sí Sie nínú rẹ̀, kò sì sí jọ̀wọ́. Oníṣègùn eyín yíjú wò mí bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Mo tún un sọ, ó le díẹ̀ sí i, ṣéènì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú omi. A ń fẹ̀yìn lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá wa gbé ọwọ́ kan sókè lẹ́yìn mi, ó ń sọ pé kí n máa bọ̀, kí n máa bọ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ti kù díẹ̀. Ní tòótọ́, ní ìhà tiẹ̀ ó dáa. Ògiri ló ń wò. Èmi tí mo wà láàárín ni mo ń wo iwájú, mo sì rí i tí imú ọkọ̀ ń yà sápá ibi tí àpáta wà. Ó yẹ kí ṣéènì ti fà le, kò le. Ìdákọ̀ró kò mú ilẹ̀, ó ń wọ́ tẹ̀ lé wa. Atẹ́gùn ń gbé wa lọ sórí àpáta, àgbà tó ti ń wa ọkọ̀ kí wọ́n tó bí mi sì ń sọ fún mi pé kí n máa bọ̀.

Mo ti ronú nípa ìṣẹ́jú yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú. Gbogbo ara mi ló fẹ́ kí n gbọ́ tiẹ̀. Ó rọrùn. Tí nǹkan bá bàjẹ́, màá lè sọ pé àgbà ló ní kí n máa bọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi. Ìyẹn ni igbákejì máa ń sọ. Mo ti sọ ọ́ títí ní Reinickendorf, mo mọ bó ṣe ń dùn lẹ́nu.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo pè é gbàgà, orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́, èyí tí mi ò pè rí láti ọdún méjì. “Fi okùn sílẹ̀, à ń jáde!” Mo sì pè é ní du. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló ju okùn sílẹ̀, kò bi mí ní ohunkóhun. Mo jágbe mọ́ oníṣègùn eyín pé kó fa ìdákọ̀ró sókè, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi jókòó, mo sì tẹ ẹ́ńjìnnì síwájú. Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ dúró bí ẹni tí ń ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ó wá gbéra. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta débi pé mo rí àwọn ìgbín inú òkun tó lẹ̀ mọ́ ọn, mo sì rí ibi tí omi ti ń yọ nínú ihò wọn.

Nígbà tí a dé ojú òkun gbalasa, mo dín eré ẹ́ńjìnnì kù. Mo rò ó lọ́kàn mi pé mo ti fọwọ́ ara mi ya ìwé náà, torí mo ti kọ àṣẹ ìyá tó ń kọ́ mi, mo sì kọ̀ ọ́ níṣojú àwọn tó jókòó síbi ìjẹun etí èbúté tí wọ́n ti gbójú sókè kúrò nínú àwo wọn. Àmọ́ mi ò kábàámọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé mi ò kábàámọ̀. Mo yí ọkọ̀ po, mo sì sọ bí a ó ṣe ṣe é: a ó ju ìdákọ̀ró jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, ṣéènì á pọ̀ sí i, a ò sì ní fẹ̀yìn rìn títí màá fi rí i pé ó ti mú ilẹ̀. Mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tún tiẹ̀ sọ kí n gbọ́. Wọ́n tún un sọ, àgbà méjèèjì àti ọ̀rẹ́ mi, bí ọmọ kíláàsì.

Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí mo pè pé kí ó ju ìdákọ̀ró, agogo ṣọ́ọ̀ṣì gan-an lè gbọ́ mi. Mo dúró. Mo jẹ́ kí ṣéènì fà, mo rí i tó le gan-an, tí imú ọkọ̀ sì tẹ̀ díẹ̀. Nígbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn lọ. Atẹ́gùn tún dé, mo ti ń retí rẹ̀, mo fún un ní àyè tiẹ̀. “Okùn ọ̀tún.” Okùn ọ̀tún fò. “Okùn òsì.” Òun náà fò. Obìnrin tó ni ibi ìjẹun mú ọ̀kan, oníbàárà rẹ̀ kan mú èkejì. “Ẹ so ó.” Mo pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ náà sún kẹ́rẹ́, ó dúró síwájú ògiri láìkàn án, àyè tó wà láàárín wọn kò ju kí èèyàn gbé ẹsẹ̀ kan lọ. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ nídìí tábìlì, àwọn yòókù sì dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ìyá wa rìn wá síwájú mi, ó dúró. Ó ní òun rò pé ìdákọ̀ró ti mú. Ó ní ká ní mo gbọ́ tòun ni, orí àpáta la ò bá wà báyìí. Ó sọ ọ́ sókè kí oníṣègùn eyín lè gbọ́, lẹ́yìn náà ó béèrè bíírò. Orí ọmọrí kúlà tí a fi ń gbé ẹja ló ti buwọ́ lùwé náà, iyọ̀ sì ta sí etí rẹ̀ kan, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ síwájú mi lórí ọkọ̀, ó ní “Ọ̀gá ọkọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé kí n máa bu oúnjẹ yín wá, mà?” A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Oníṣègùn eyín bọ́ fìlà, ó fi ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun sọ̀rọ̀ àsọjù lọ́jọ́sí.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ erékùṣù náà, tí ohun gbogbo ti dì gírígírí, tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣubú mọ́, mo kúnlẹ̀ fún ìyá wa. Orúnkún méjèèjì ni mo fi kan òkúta gbígbóná ibẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yorùbá nítorí Jámánì mi ò lè gbé e. Kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó ń fà mí dìde, ó ń wo àwọn èèyàn, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. A jẹ ẹja yẹn tán pẹ̀lú eegun rẹ̀. Mo rìn yí gbogbo erékùṣù náà ká nírọ̀lẹ́, kò gbà mí ní wákàtí kan, mo sì ń bá ara mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni tó jẹ oyè.

Mo ṣì ṣe igbákejì ní Reinickendorf fún bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Nígbà tí ipò ọ̀gá tún ṣí sílẹ̀, mi ò dúró kí wọ́n bi mí. Mo kọ̀wé, mo ní èmi ni mo fẹ́ ẹ, mo sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́rin. Wọ́n fún mi. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni mo lóye ohun tí mo rí gbà ní Gíríìsì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìyá mi wá kí mi. Mo mú un lọ sí Hamburg, mo gba ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa, orúkọ mi nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ rẹ̀. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì lórí bùbá, ó jókòó síwájú mi, ó ń dá mi lẹ́bi nípa òtútù. Ní àárín Alster ni atẹ́gùn yí ojú padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, igi tó na ìgbòkun sì ń fì bọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. “Màámi, ẹ tẹrí ba!” Ó tẹrí ba kí n tó pa ẹnu dé. Igi náà kọjá lórí gèlè rẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ó wò mí. Láyé mi, mi ò jágbe mọ́ ìyá mi rí. Mo ti ń wá bí màá ṣe bẹ̀ ẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ta ló ń wa ọkọ̀?”

“Èmi ni, mà.”

“Ó dáa. Máa wà á.”

Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi sí ibi tí a ń lọ, ó ń wo àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní òdìkejì omi, ó tún ń bi mí pé ta ló ń gbé inú wọn. Ojú mi kún. Obìnrin tó ń bẹ̀rù omi yìí kẹ̀yìn sí mi pátápátá, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́ títí a fi gúnlẹ̀.